Ère Ojú Ìdíà, Fíìmù Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ àti Ìlú Festac

Ìfáárà

Àwọn onímọ̀ tó ti ṣiṣẹ́ lórí ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé. Wọn a mẹ́nu ba Àjà Ló Lẹrù tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí tẹ̀ jáde ní 1969, àti Àgbàlagbà Akàn tó tẹ̀ lé e ní 1971, níbi tí Lápàdé, ẹni tó ti ṣe ọlọ́pàá rí, ti ń tọ ipasẹ̀ àwọn ọ̀daràn ní Ìbàdàn. Wọn a sì mẹ́nu ba Kọ́lá Akínlàdé, tí Akin Olúṣínà inú ìwé rẹ̀ máa ń fi ìbéèrè wẹ́wẹ́ àti làákàyè tú àṣírí apànìyàn. Ti fíìmù kì í sábà wọ inú àríyànjiyàn náà. Bí ó bá tilẹ̀ wọ̀ ọ́, ohun tí à ń gbọ́ ni pé ọ̀dọ̀ Òyìnbó ni irú fíìmù bẹ́ẹ̀ ti ṣẹ̀ wá, pé kùrukùru Lọ́ńdọ̀nù, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin àti àtùpà ojú títì ni ẹ̀yà ara rẹ̀, àti pé kò ní gbòǹgbò kankan ní ilẹ̀ Áfíríkà.

Èrò yìí ni bébà yìí ń takò. Ní 1979, ọdún méjì lẹ́yìn àjọ̀dún ńlá tó bí Ìlú Festac ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, Eddie Ugbomah darí fíìmù kan tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ The Mask. Nínú rẹ̀, amí ìjọba Nàìjíríà kan, Major Obi, rìnrìn àjò lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti lọ gbé ère ojú Ìdíà jáde nínú British Museum. Ojú eré ìjà àti eré sísá lásán ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi wo fíìmù yìí. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé e sí ẹ̀gbẹ́ fíìmù ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ti àwọn Òyìnbó, a ó rí i pé ọ̀ràn kan náà ni, a kàn yí ojú rẹ̀ padà ni.

Kùrukùru àti Adé

Fíìmù kan wà tó yẹ fún àfiwé yìí. Òun ni The Adventures of Sherlock Holmes tí wọ́n gbé jáde ní 1939, tí Basil Rathbone ti ṣe Holmes. Ọdún 1894 ni wọ́n fi ìtàn rẹ̀ sí, nígbà tí Ọbabìnrin Victoria ṣì wà lórí ìtẹ́. Ọ̀daràn ńlá náà, Moriarty, fẹ́ jí àwọn ohun ọ̀ṣọ́ adé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó nínú ilé ìṣọ́ tí wọ́n ń pè ní Tower of London. Kùrukùru bo ojú títì, ẹsẹ̀ ẹṣin ń dún lórí òkúta, Holmes sì ń sáré kí adé má bàa bọ́ sọ́wọ́ olè. Nínú ìtàn yìí náà, òkúta iyebíye kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Star of Delhi, orúkọ ìlú ńlá kan ní ilẹ̀ Íńdíà. Moriarty fi òkúta yìí tan àwọn ẹ̀ṣọ́ jẹ. Ààbò òkúta náà jẹ gbogbo ènìyàn inú fíìmù lógún, ṣùgbọ́n bí ohun tó ń jẹ́ orúkọ Delhi ṣe dé Lọ́ńdọ̀nù kì í ṣe ara ọ̀ràn tí wọ́n pe Holmes sí.

Ó yẹ kí a sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí kùrukùru náà, nítorí pé òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ó jẹ́ ọkàn irú fíìmù yìí. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní California tí oòrùn pọ̀ sí, ni wọ́n ti ya fíìmù Holmes yìí. Àfọwọ́ṣe ni kùrukùru inú rẹ̀. Ti Lọ́ńdọ̀nù gan-an kì í ṣe iṣẹ́ ojú ọ̀run nìkan: èéfín èédú tí wọ́n ń dá nínú ilé àti ilé iṣẹ́ ló dàpọ̀ mọ́ ìkùukùu. Ní December 1952 ó pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn láàárín ọjọ́ mélòó kan, èyí ló sì mú kí wọ́n ṣe òfin afẹ́fẹ́ mímọ́ ní 1956. Nígbà tí Major Obi fi máa dé ìlú náà nínú fíìmù Ugbomah, kùrukùru àtijọ́ ti di ohun ìtàn.

Ọdún 1897

Ọdún mẹ́ta péré ló wà láàárín 1894 tí wọ́n fi ìtàn Holmes sí àti 1897. Ní February ọdún 1897 ni ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì lábẹ́ Rawson wọ ìlú Bìní, lẹ́yìn tí wọ́n ti pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó bá Phillips rìn ní oṣù tó ṣáájú. Ìlú náà jóná. Wọ́n kó idẹ, wọ́n kó eyín erin, wọ́n sì ta púpọ̀ nínú wọn. Lára ohun tí wọ́n rí nínú ààfin ni àwọn ère ojú tí a fi eyín erin gbẹ́, iṣẹ́ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, tí Ọba Esigie fi ń rántí ìyá rẹ̀, Ìdíà.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ wá kàn jù ni Ralph Moor, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Òun ló jókòó gẹ́gẹ́ bí adájọ́ nígbà tí wọ́n ṣe ẹjọ́ Ọba Ovonramwen ní September 1897, tí wọ́n sì lé ọba náà lọ sí Calabar, níbi tó kú sí ní 1914. Ọwọ́ Moor yìí kan náà ni àwọn ère ojú náà bọ́ sí. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní 1909, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń jẹ́ Seligman rà wọ́n. Ní 1910, British Museum ra ọ̀kan lọ́wọ́ Seligman, òmíràn sì dé Metropolitan Museum ní New York nígbẹ̀yìn. Ìwé wà lórí gbogbo rẹ̀. Kò sí ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó rọrùn tó èyí láti tú: adájọ́ ni ẹrù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tó rà á ní orúkọ, ibi tó wà ní àdírẹ́sì. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀ fún un. Òwe yìí ni ó yẹ kí agbẹjọ́rò Nàìjíríà kan ti kà sí etí àwọn alábòójútó British Museum.

Ìlú tí Àjọ̀dún Kọ́

Láti 15 January sí 12 February 1977 ni àjọ̀dún kejì ti iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú àgbáyé wáyé ní Nàìjíríà. Ère ojú Ìdíà ni wọ́n fi ṣe àmì rẹ̀; Erhabor Emokpae ló ya àmì náà. Nàìjíríà bẹ British Museum pé kí ó yá òun ní ère ojú gan-an fún àjọ̀dún yìí. Wọ́n kọ̀, wọ́n ní ó ti gbó, kò lè fara da ìrìn àjò. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àsíá àti ìwé àjọ̀dún ṣe ru àwòrán ohun kan tí kò lè wá síbi àjọ̀dún ara rẹ̀.

Ibi tí àwọn àlejò yóò dé sí ni ìjọba àpapọ̀ kọ́ sí Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, lórí ilẹ̀ àwọn Àwórì, lẹ́bàá ọ̀nà Badagry. Ó lé ní 5,000 ilé. Nígbà tí àjọ̀dún parí, wọ́n fi ìbò pín àwọn ilé náà fún àwọn ará ìlú, orúkọ àjọ̀dún sì mọ́ ìlú náà lára títí di òní. Ó ṣeé ṣe kí òǹkàwé rẹ́rìn-ín sí ohun tó kàn, ṣùgbọ́n ó kan ọ̀rọ̀ náà gidi. Ìtàn Holmes kò ṣeé rò láìsí ojúlé tó ní nọ́ńbà ní Baker Street, láìsí ìlú tí àjèjì àti àjèjì ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láìmọ orúkọ baba ẹnì kejì. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, agboolé ni a fi ń júwe ilé. Ẹni tó bá ṣẹ̀, ìdílé rẹ̀ ni a ń béèrè. Festac yàtọ̀. Nọ́ńbà ni títì rẹ̀, lẹ́tà álífábẹ́ẹ̀tì ni ọ̀nà kéékèèké inú rẹ̀, àwọn tí ìbò sì kó jọ síbẹ̀ wá láti ìpínlẹ̀ gbogbo. Bí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Òyìnbó bá sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ lóru ọyẹ́ oṣù January, tí ekuru aṣálẹ̀ ṣú bolẹ̀, kò ní pẹ́ mọ̀nà.

Major Obi

Kí ni Ugbomah wá ṣe? Ó ti gbé Lọ́ńdọ̀nù rí, ó sì ti kọ́ iṣẹ́ eré níbẹ̀. Fíìmù rẹ̀ àkọ́kọ́, The Rise and Fall of Dr. Oyenusi ti 1977, dá lórí Iṣọ̀lá Oyènúsì, adigunjalè tí wọ́n yìnbọn pa ní Bar Beach ní September 1971. Ọ̀ràn ọ̀daràn kì í ṣe tuntun sí i. Ohun tó ṣe nínú The Mask ni pé ó gba ẹrù Holmes kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ ó sì fi fún Moriarty. Nínú fíìmù 1939, ẹni rere ni ẹni tó ń ṣọ́ ìṣúra adé, ọ̀daràn ni ẹni tó fẹ́ gbé e jáde nínú ilé ìṣọ́. Nínú fíìmù 1979, ẹni tó fẹ́ gbé e jáde ni aṣojú òfin. Olè ló ń mọ ẹsẹ̀ olè tọ̀ lórí àpáta, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Ugbomah ní ẹni tí wọ́n jà lólè náà lè tọ̀ ọ́.

Àwọn kan lè sọ pé èyí kì í ṣe fíìmù ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ rárá, nítorí pé kò sí ìwádìí kankan níbẹ̀: gbogbo ayé ló mọ ibi tí ère náà wà. Àríwísí yìí ní ẹsẹ̀ nílẹ̀, ó sì fi àìlera fíìmù náà hàn. Iṣẹ́ ìwádìí tí ó yẹ kí a rí, ti ìwé Moor àti owó Seligman, ìgboyà akọni kan ṣoṣo ni Ugbomah fi dípò rẹ̀. Ìgboyà a máa wu ènìyàn lójú sinimá, ṣùgbọ́n kò lè dúró níwájú adájọ́. Síbẹ̀, ẹni tó bá ní kí a yọ ọ́ kúrò nínú ẹ̀yà yìí ní láti ṣàlàyé ìdí tí Holmes kò fi ṣèwádìí Star of Delhi.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì mọ́ tónítóní ní apá ti Nàìjíríà. Ní àwọn ọdún 1950, British Museum ta lára àwọn idẹ Bìní fún Nàìjíríà, tí onílé fi owó ra ẹrù ilé rẹ̀. Ní 1973, Ọ̀gágun Gowon mú orí idẹ kan nínú Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé ti Oníkan, ó fi ta Ọbabìnrin Elizabeth lọ́rẹ. Ayédèrú ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì pè é fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, títí di 2002 tí wọ́n rí i pé ojúlówó ni. Ọdún mẹ́rin péré lẹ́yìn ẹ̀bùn yìí ni Nàìjíríà ń bẹ̀bẹ̀ fún ère ojú. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dé òpin yóò kan ilẹ̀kùn ní Oníkan náà.

Ibi tí Ọ̀rọ̀ Dé

Ugbomah di alága iléeṣẹ́ fíìmù ìjọba Nàìjíríà ní 1988, ó sì kú ní 2019. Kó tó kú, ìdílé tó ni ọ̀kan lára àwọn ère ojú kan náà fẹ́ tà á ní gbàǹjo lọ́dọ̀ Sotheby's. Ariwo àwọn ọmọ Nàìjíríà mú kí wọ́n fà á sẹ́yìn ní December 2010. Ní 2022, Jámánì fọwọ́ sí i pé kí idẹ Bìní tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ padà di ti Nàìjíríà, Horniman Museum ní Lọ́ńdọ̀nù sì fi ohun 72 sílẹ̀. Ní 2023, ìjọba Nàìjíríà kéde pé Ọba Bìní ni ó ni àwọn ohun tí wọ́n bá dá padà. Ní August ọdún kan náà, British Museum kéde pé nǹkan bí 2,000 nínú àwọn ohun tó wà ní ìkáwọ́ òun ti sọnù, ti bàjẹ́ tàbí pé wọ́n ti jí wọn kó. Olùdarí rẹ̀ fi ipò sílẹ̀, àwọn ọlọ́pàá sì bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Ère ojú Ìdíà kò sí lára wọn. Ó ṣì wà ní British Museum, òfin tí ilé aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1963 ni àwọn alábòójútó sì ń tọ́ka sí pé kò jẹ́ kí àwọn lè fi í sílẹ̀.