Ẹ̀yà àgùntàn ìbílẹ̀ mẹ́rin ní Nàìjíríà: Níbo ni wọ́n wà, kí ló sì ń kojú wọn?

Bí ọdún Iléyá bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù a máa kó àgbò láti òkè Ọya wá sí ọjà ìhà gúúsù Nàìjíríà. Àgbò ńlá wọ̀nyí ló ń wu oníbàárà jù, àmọ́ ohun tó wu oníbàárà yìí lè pa àgùntàn ìbílẹ̀ gúúsù rẹ́.

Àwọn ẹ̀yà mẹ́rin náà

Balami ló tóbi jù lọ. Ó funfun, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, etí rẹ̀ sì rọ̀ sílẹ̀. Borno àti àyíká rẹ̀ ni ibùgbé rẹ̀.

Uda dúdú tàbí kó pọ́n níwájú, ó sì funfun lẹ́yìn. Àwọn Fúlàní darandaran ló ń sìn ín ní àríwá ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà àti ní orílẹ̀-èdè Niger, nítorí pé ó lè rin ọ̀nà jíjìn.

Yankasa funfun, ṣùgbọ́n dúdú yí ojú, etí àti ẹnu rẹ̀ ká. Òun ló pọ̀ jù, láti àríwá dé àárín gbùngbùn Nàìjíríà.

Ẹ̀kẹrin ni àgùntàn kúkúrú tí à ń pè ní Djallonké, orúkọ tó wá láti òkè Fouta Djallon ní Guinea. Òun ni àgùntàn ilẹ̀ Yorùbá, títí dé Benin, Togo àti Ghana. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọ̀n rẹ̀ kì í sábà ju kílò 30 lọ, ó ń fara da àrùn tí eṣinṣin tsetse ń kó ran ẹran. Àrùn yìí a máa gbẹ ẹ̀jẹ̀ lára ẹran títí yóò fi kú.

Iye wọn ń pọ̀ sí i

Ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 1990 fi iye àgùntàn Nàìjíríà sí nǹkan bíi mílíọ̀nù 22. Lónìí, ìṣirò àjọ FAO ti kọjá mílíọ̀nù 40. Ṣùgbọ́n iye àpapọ̀ lè máa gòkè kí ẹ̀yà kan sì máa tán lọ lábẹ́ rẹ̀.

Níbo ni ewu wà?

Kí owó àgbò wọn lè pọ̀, àwọn àgbẹ̀ kan ní gúúsù ń jẹ́ kí àgbò Uda tàbí Yankasa gun abo Djallonké. Ọmọ àdàlù náà a máa tóbi, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ láti kojú àrùn kì í tó ti ìyá rẹ̀. Ní 2007, FAO ka irú àdàlù tí kò ní ètò yìí mọ́ ohun tó ń pa ẹ̀yà ẹran ìbílẹ̀ run kárí ayé.

Ọ̀nà mìíràn wà. Ní àwọn ọdún 1980, Côte d'Ivoire dá ètò kan sílẹ̀ láti máa ṣa àgbò Djallonké tó ń tètè dàgbà láàárín agbo àwọn àgbẹ̀, kí wọ́n lè fi wọ́n ṣe bàbá ìran tó ń bọ̀. Báyìí, àgùntàn náà yóò máa tóbi sí i láìsọ agbára ìran rẹ̀ nù.