Mo Tún Wọ Igbó Irúnmalẹ̀

Ẹni tí ó rí odò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kò lè sọ bí odò náà ti tóbi tó. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ẹni tí ó ka ìwé kan ní èwe, tí kò sì padà sí i mọ́. Ohun tí ó kù lọ́kàn rẹ̀ kì í ṣe ìwé náà, bí kò ṣe ẹ̀rù tí ìwé náà dá bà á. Mo mọ èyí nítorí pé ó ṣẹlẹ̀ sí mi.

Ní Ṣàrẹ́, ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, ni mo ti ṣe kékeré. Olùkọ́ ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ó sì ní ẹ̀dà kan Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí èèpo rẹ̀ ti ya. Bí a bá ti jẹun alẹ́ tán, yóò tan àtùpà, àwa ọmọdé yóò sì rọ̀gbà yí i ká. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa rántí Àgbákò bí wọ́n bá gbọ́ orúkọ ìwé yìí. Ní tèmi, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni kò jẹ́ kí n sùn: ibi tí Àkàrà-ògùn ti sọ pé àjẹ́ paraku ni ìyá òun, tí bàbá rẹ̀ sì yìnbọn lu ẹran kan, tí ó wá di pé ìyàwó ara rẹ̀ ni ó yìnbọn fún.

Ìyá arúgbó kan ń dá gbé ní ẹ̀yìnkùlé wa ní àkókò náà. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti kú ṣáájú rẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n, a sì máa dá sọ̀rọ̀ bí ó bá ń gbálẹ̀ ní ìdájí. Kò sí àgbàlagbà kan tí ó sọ fún wa pé àjẹ́ ni. Àwa fúnra wa ni a fi ìwé wò ó, tí a sì dá a lẹ́jọ́. Bí ó bá rán wa níṣẹ́, a ó sá. Bí ilẹ̀ bá ṣú, a ó máa ju òkúta wẹ́wẹ́ sí orí páànù ilé rẹ̀, láti mọ̀ bóyá ẹyẹ yóò fò jáde. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ó wá bá ìyá mi, ó kúnlẹ̀, àgbà tí ó ju ìyá mi lọ fíìfíì, ó sì béèrè ohun tí òun fi ṣẹ àwọn ọmọ. Ìyá mi nà wá dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni nínú wa kò lè la ẹnu sọ ìdí tí a fi ṣe ohun tí a ṣe.

Ó lé ní ogójì ọdún lẹ́yìn náà kí n tó tún ṣí ìwé yẹn. Mo ti fẹ̀yìn tì, mo padà wá sílé, mo sì pinnu láti ka gbogbo ìwé ìtàn àròsọ Fágúnwà láti orí dé ìdí, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì. Nígbà náà ni mo tó rí i pé òǹkọ̀wé náà pàápàá ti padà sínú igbó tirẹ̀ kí èmi tó padà.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìtàn àwọn ìwé náà. Òkè-Igbó ni a ti bí Daniel Ọlọ́runfẹ́mi Fágúnwà ní 1903. Olùkọ́ ni ní ilé ẹ̀kọ́ St. Andrew's ní Ọ̀yọ́ nígbà tí ilé ìtẹ̀wé C.M.S. tẹ Ògbójú Ọdẹ jáde ní 1938. Ọdún 11 kọjá kí èkejì tó jáde. Ní 1949, Igbó Olódùmarè àti Ìrèké Oníbùdó tẹ̀ wá lọ́wọ́. Ìrìnkèrindò nínú Igbó Elégbèje tẹ̀lé wọn ní 1954, Àdììtú Olódùmarè sì dé ní 1961. Ní oṣù Kejìlá 1963, omi gbé e lọ ní Wúyà, lẹ́bàá Bídà, ní ilẹ̀ àwọn Núpé tí wọ́n jẹ́ aládùúgbò wa ní Ṣàrẹ́. Láti ìgbà náà ni ó ti jẹ́ pé àwa òǹkàwé nìkan ni ó kù tí a lè máa padà lọ.

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni ọ̀nà tí ó gbà nígbà tí ó padà ní 1949. Nínú Igbó Olódùmarè, ẹ̀yìn ni ó lọ, kì í ṣe iwájú. Bàbá Àkàrà-ògùn, Olówó-ayé, ni ìtàn náà dá lé, ní ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Nínú igbó náà ni ó ti pàdé Ajédìran. Àjẹ́ ni obìnrin yìí, ṣùgbọ́n kò sí ìbọn láàárín àwọn méjèèjì. Wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ọkùnrin náà sì fi í ṣe aya. Ẹ fi èyí wé ìwé kìíní. Níbẹ̀, ọdẹ ni ó ń sọ ìtàn. Ohun tí a mọ̀ nípa ìyá rẹ̀ kò ju ohun tí ọmọ rẹ̀ rò fún akọ̀wé lọ. A gbọ́ ìró ìbọn, a kò gbọ́ ohùn obìnrin náà. Ní ìwé kejì, àjẹ́ ní orúkọ, ó sì ní ohùn.

Àwọn òyìnbó náà ti rin irú ọ̀nà yìí pẹ̀lú ẹ̀dá tí ó bá àjẹ́ wa mu, ìyẹn òkú tí í jí ní òru láti mu ẹ̀jẹ̀ alààyè. Nígbà tí Bram Stoker kọ Dracula ní 1897, ìwé ìrántí àti lẹ́tà àwọn tí ń dọdẹ Dracula ni ó fi ṣe ìtàn. Dracula fúnra rẹ̀ kò rí àyè rojọ́. Ní 1976 ni Anne Rice, ọmọ Amẹ́ríkà, mú irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ jókòó síwájú akọ̀ròyìn kan kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìgbésí ayé rẹ̀. Ìwé náà bí òmíràn títí wọ́n fi pé 13. Ó fi wọ́n sílẹ̀ ní 2003, ó tún padà sí wọn ní 2014, ó sì kú ní 2021. Ó jọ pé ẹni tí ó bá padà sí ìtàn ẹlẹ́rù yóò bẹ̀rẹ̀ sí béèrè lọ́wọ́ abàmì náà pé, ìwọ ńkọ́, kí ni tìrẹ?

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ìwé lásán ni èyí. Igbó Olódùmarè kò tíì pé ọdún méjì lórí àtẹ nígbà tí Àtíńgà wọ ilẹ̀ Yorùbá. Láti Gold Coast, Gánà òde òní, ni ó ti ṣẹ̀, ó gba Dàhómì kọjá, ó sì wọ ilẹ̀ Ẹ̀gbádò láàárín 1950 sí 1951. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ń jó kiri ìlú, wọ́n ń tọ́ka sí àwọn tí wọ́n pè ní àjẹ́. Obìnrin ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n tọ́ka sí, pàápàá àwọn arúgbó. Ẹni tí ó bá jẹ́wọ́ yóò san owó ìwẹ̀nùmọ́. Fún ẹni tí ó bá sẹ́, wọ́n a pa adìyẹ láti fi dán an wò. Wọ́n wó ojúbọ àwọn òrìṣà pẹ̀lú. Ní 1951 ni ìjọba fi òfin de wọ́n.

N kò sọ pé ìwé ni ó fa Àtíńgà. Àwọn tí ó ṣe é kò nílò ìwé, ìgbàgbọ́ náà ti wà kí a tó kọ́ ọ̀nà ìkọ̀wé. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìtàn ìwé kìíní, tí ọdẹ nìkan sọ, ni àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyẹn ń jó sí. Òun náà ni àwa ń jó sí ní ẹ̀yìnkùlé wa nígbà tí a kó òkúta dání. Bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí n di ẹ̀bi ru Fágúnwà. Òun ti kọ ìwé kejì. Àwa ni kò kà á. Ìwé kìíní ni ó gbajúmọ̀ jù. Òun ni Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1968. Ìtumọ̀ tí ó ṣe fún Igbó Olódùmarè kò jáde títí di 2010, lẹ́yìn ọdún 42.

Nísinsìnyí, bí àwọn ọmọ-ọmọ mi bá wá lo ìsinmi ní Ṣàrẹ́, Igbó Olódùmarè ni mo kọ́kọ́ ń kà fún wọn. Bí wọ́n bá ti mọ Ajédìran tán ni a tó ń ṣí Ògbójú Ọdẹ. Ní ọdún tí ó kọjá, bí mo ti ka ibi tí ìbọn ti dún, èyí tí ó kéré jù nínú wọn bú sẹ́kún. Àwa kò sunkún ní ìgbà tiwa. Ńṣe ni a pàtẹ́wọ́ fún ọdẹ.

Ilé ìyá arúgbó yẹn ti wó, wọ́n ti gbin àgbàdo sí ibẹ̀. Mo ti béèrè lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ mi tí ó kù, kò sí ẹni tí ó mọ orúkọ rẹ̀. Ìyá Ẹ̀yìnkùlé ni gbogbo wa ń pè é.