Àwòrán Kàtídírà Pọ́ọ̀lù Mímọ́ Lára Káàdì

Ní ọdún 1866 ni ọkùnrin kan tí a bí ní ilẹ̀ Prussia, Raphael Tuck ni orúkọ rẹ̀, ṣí ìsọ̀ kékeré kan ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí òun àti Ernestine aya rẹ̀ ti ń ta àwòrán àti férémù. Ní àkókò náà, ó pé igba ọdún gan-an tí iná ńlá ti jó Kàtídírà Pọ́ọ̀lù Mímọ́ ti àtijọ́. Christopher Wren ni ó kọ́ òmíràn rọ́pò rẹ̀, èyí tí òrùlé rogodo rẹ̀ ga tó 365 ẹsẹ̀ bàtà.

Ìsọ̀ Tuck gbèrú títí ó fi di ilé ìtẹ̀wé ńlá. Ní ọdún 1894 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbà kí àwọn oníṣòwò máa tẹ káàdì tiwọn, èyí tí a lè lẹ sítáǹpù mọ́ kí a sì fi ránṣẹ́ láìsí àpòòwé. Ṣùgbọ́n àdírẹ́sì nìkan ni a lè kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní ọ̀rọ̀ láti sọ, ojú àwòrán ni yóò kọ ọ́ sí, àbùkù sì ni èyí jẹ́ fún iṣẹ́ ọwọ́ dáradára. Nígbà tí ó di 1902, a gbà kí a pín ẹ̀yìn káàdì sí méjì, ọ̀rọ̀ lápá kan, àdírẹ́sì lápá kejì. Báyìí ni àwòrán ṣe gba gbogbo ojú káàdì.

Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ilé Tuck mú irú káàdì kan jáde tí wọ́n sọ ní Oilette. Àwọn ayàwòrán ni yóò kọ́kọ́ fi ọ̀dà ya ilé àtayébáyé, bí kàtídírà tàbí ààfin. A ó sì tẹ̀ ẹ́ ní àwọ̀ mèremère tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń rí ipa búrọ́ọ̀ṣì lójú rẹ̀. Ẹni tí kò lè ra àwòrán olówó iyebíye lè ra irú èyí.

Ní alẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, 29 December 1940, àwọn ọkọ̀ òfurufú Jámánì rọ̀jò bọ́ǹbù oníná lé Lọ́ńdọ̀nù lórí. Odò Tẹ́mísì ti fà, omi kò sì tó fún àwọn panápaná. Bọ́ǹbù kan há sínú òjé tí a fi bo òrùlé kàtídírà. Bí òjé ti ń yọ́, ó já bọ́ sí ìta, àwọn olùṣọ́ sì pa á. Kàtídírà yè. Ilé Tuck tí kò jìnnà sí i kò yè: ó jóná kanlẹ̀, àti nǹkan bí 40,000 àwòrán àti fọ́tò tí a fi ń tẹ káàdì. Ní òru yìí kan náà ni Paternoster Row, òpópó àwọn òǹtàwé, jóná pẹ̀lú àràádọ́ta ọ̀kẹ́ ìwé. Ó ń dun àwa tí a fẹ́ràn ìwé.

Ṣùgbọ́n àwọn káàdì ti fọ́n ká ayé kí iná tó dé, nínú àpótí àwọn ènìyàn. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni àwọn tí a yà láti Ludgate Hill: afárá ọkọ̀ ojú irin kan dábùú níwájú kàtídírà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará ìlú kórìíra rẹ̀ nítorí pé ó dí wọn lójú. A wó o ní 1990. Inú káàdì nìkan ni a ti ń rí i báyìí.