Ta Ni Ó Ni Ìwé Tí A Rà? Ìtàn Òfin Ẹ̀tọ́ Àdàkọ Láti Ojú Òǹkàwé

Ìfáàrà

Bí a bá ṣí èyíkéyìí nínú àwọn ìwé Yorùbá tí a fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, a ó rí ìkìlọ̀ kan ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ da ìwé náà kọ láìgba àṣẹ. Ẹ̀tọ́ àdàkọ, èyí tí àwọn amòfin ń pè ní kọpiráìtì, ni ìkìlọ̀ yìí dúró lé. Púpọ̀ nínú àwa olùkọ́ ni ó jẹ́ òǹkọ̀wé pẹ̀lú, nítorí náà ẹkún òǹkọ̀wé kò ṣàjèjì sí wa. Àwọn olè a máa tẹ ìwé oníwèé ní bòókẹ́lẹ́, wọn a tà á ní ọ̀pọ̀, ẹni tí ó ṣiṣẹ́ kò sì ní rí owó iṣẹ́ rẹ̀ gbà. A kò ní jiyàn lórí èyí. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Ẹnì kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tí a kì í sábà bi léèrè ohun tí ojú rẹ̀ rí: ẹni tí ó fi owó ara rẹ̀ ra ìwé.

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú iṣẹ́ yìí ni kí a tọ ipasẹ̀ òfin náà láti ìbẹ̀rẹ̀, kí a sì máa wo ibi tí ó fi òǹkàwé sí ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. A ó fi hàn pé òǹkàwé wà nínú òfin náà láti ọjọ́ tí a ti ṣe é, àti pé fún ìgbà pípẹ́ ni ìwé tí ènìyàn rà fi jẹ́ tirẹ̀ láìkù síbì kan. Lẹ́yìn náà ni a ó fi hàn pé láti ìgbà tí ìwé ti bọ́ sínú ẹ̀rọ ni ohun tí a ń pè ní rírà ti ń di yíyá, tí òǹrà kò sì mọ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ òfin náà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Kí òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ tó dé, ẹgbẹ́ àwọn atẹ̀wé Lọ́ńdọ̀nù ni ó ni agbára lórí ìwé. Ní ọdún 1557 ni ọba fún wọn ní ìwé àṣẹ. Ohun tí ìjọba ń wá ni bí wọn yóò ṣe máa ṣọ́ ohun tí ènìyàn ń tẹ̀. Ohun tí ẹgbẹ́ ń wá ni èrè. Òǹkọ̀wé kò sí níbẹ̀, òǹkàwé kò sì sí níbẹ̀. Òfin kan tí a ṣe ní ọdún 1662 ni ó gbé ètò yìí ró títí òfin náà fi parẹ́ ní ọdún 1695.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 1710 ni òfin Ọbabìnrin Anne bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àkọlé rẹ̀ sọ ohun tí a ṣe é fún: láti fún ẹ̀kọ́ ní ìṣírí. Ohun mẹ́ta nínú rẹ̀ yẹ fún àkíyèsí wa. Èkíní, ó fún òǹkọ̀wé ní ẹ̀tọ́ lórí iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi gbèdéke sí i: ọdún 14, àti ọdún 14 mìíràn bí òǹkọ̀wé náà bá ṣì wà láàyè. Èkejì, ó pa á láṣẹ pé kí a fi ẹ̀dà ìwé ránṣẹ́ sí àwọn ilé-ìkàwé mẹ́sàn-án. Ẹ̀kẹta, tí ó jọ wá lójú jù lọ, ó fún ẹnikẹ́ni láyè láti fi ẹjọ́ sùn bí iye tí a ń ta ìwé bá pọ̀ jù. Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ti Canterbury àti àwọn ìjòyè mìíràn ní agbára láti dín iye náà kù. Nípa báyìí, òfin àkọ́kọ́ lórí ẹ̀tọ́ àdàkọ fi òǹkọ̀wé sí apá kan, ó fi òǹkàwé sí apá kejì. Ní ọdún 1739 ni a pa apá tí ó sọ̀rọ̀ iye owó rẹ́. Bóyá ibẹ̀ ni a ti kọ́kọ́ yọ ọwọ́ òǹkàwé kúrò nínú àwo.

Àwọn òǹtàwé ńlá Lọ́ńdọ̀nù kò fẹ́ràn gbèdéke. Wọ́n ní ìwé tí àwọn bá ti rà lọ́wọ́ òǹkọ̀wé di tàwọn títí ayé. Alexander Donaldson, òǹtàwé ará Edinburgh, kò gbà fún wọn. Ó ń tẹ àwọn ìwé tí ọdún wọn ti pé, ó sì ń tà wọ́n ní ọ̀pọ̀ fún àwọn tálákà. Ìwé ewì James Thomson kan, The Seasons, ni ó dá ẹjọ́ sílẹ̀. Ní ọdún 1774 ni ilé ìgbìmọ̀ àwọn Lọ́ọ̀dù dájọ́ pé Donaldson jàre: ẹ̀tọ́ àdàkọ lórí ìwé tí a ti tẹ̀ jáde kì í ṣe ti ayérayé. Bí ọdún rẹ̀ bá ti pé, ìwé di ti gbogbo ènìyàn.

Bí ìwé tí a rà ṣe di tiwa

Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí ni àwọn ará Amẹ́ríkà wò nígbà tí wọ́n ṣe tiwọn ní ọdún 1790. Ọdún 14 àti ọdún 14 ni àwọn náà kọ́kọ́ fi sí i. Ní Amẹ́ríkà yìí kan náà ni a ti dá ẹjọ́ tí ó ṣe pàtàkì jù lọ fún ẹni tí ń ra ìwé.

Ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé kan tí a ń pè ní Bobbs-Merrill tẹ ìtàn àròsọ kan, The Castaway, jáde ní ọdún 1904. Wọ́n kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé dọ́là kan ni iye rẹ̀, àti pé òǹtàwé tí ó bá tà á ní iye tí ó dín sí i ti rú ẹ̀tọ́ àdàkọ àwọn. Macy's, ilé ìtajà ńlá kan ní New York, ń tà á ní sẹ́ǹtì 89. Ẹjọ́ náà dé ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ. Ní ọdún 1908, àwọn adájọ́ ní ẹni tí ó ni ẹ̀tọ́ àdàkọ ni ó ni àṣẹ láti kọ́kọ́ ta ẹ̀dà ìwé, ṣùgbọ́n bí ó bá ti tà á tán, àṣẹ rẹ̀ lórí bí a ó ṣe tún ẹ̀dà náà tà ti dópin. Ní ọdún kejì rẹ̀ ni ilé aṣòfin kọ ìlànà yìí sínú òfin.

Ìdájọ́ yìí bá ìlànà ọjà tiwa mu. Ẹni tí ó ta ewúrẹ́ kì í tẹ̀lé ẹni tí ó rà á dé ilé láti sọ ibi tí yóò so ó mọ́. Lórí irú ìlànà yìí ni ọ̀pọ̀ nǹkan tí à ń ṣe lójoojúmọ́ dúró lé. Ìwé tí ẹ̀gbọ́n kà tán ni àbúrò ń gbà kà. Olùkọ́ a máa yá akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lówó ní ìwé. Ilé-ìkàwé ń yá ọgọ́rùn-ún ènìyàn ní ẹ̀dà kan ṣoṣo. Bí bàbá bá sì kú, àwọn ọmọ a jogún àpótí ìwé rẹ̀. A kì í gba àṣẹ lọ́wọ́ ilé ìtẹ̀wé kí a tó ṣe èyíkéyìí nínú wọn.

Àgádágodo inú ẹ̀rọ

Láti ka ìwé orí bébà, a kò ní láti da ohunkóhun kọ. Kọ̀ǹpútà kò rí bẹ́ẹ̀. Kò lè fi ìwé hàn wá láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ da á kọ sínú ara rẹ̀. Nítorí náà, kíkà, tí òfin àdàkọ kò fi ọwọ́ kàn rí, wá bọ́ sábẹ́ òfin àdàkọ. Ohun kejì ni pé bí a bá da ìwé orí ẹ̀rọ kọ ní ìgbà ẹgbẹ̀rún, kò ná ènìyàn ní nǹkan kan. Ẹ̀rù sì ba àwọn tí ń tẹ ìwé àti àwọn tí ń ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù. Ẹ̀rù náà kì í ṣe ti asán, ó sì yẹ kí a gbà bẹ́ẹ̀.

Ohun tí wọ́n ṣe sí i ni pé wọ́n fi àgádágodo sí iṣẹ́ náà nínú ẹ̀rọ, kí ó má baà ṣeé dà kọ. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1996, àwọn orílẹ̀-èdè fi ọwọ́ sí àdéhùn kan ní Geneva pé àwọn yóò fi òfin ti irú àgádágodo bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn. Amẹ́ríkà ṣe òfin tirẹ̀ ní ọdún 1998. Ohun tí ó ṣòro fún òǹkàwé nínú òfin yìí ni pé jíjá àgádágodo fúnra rẹ̀ lè di ẹ̀ṣẹ̀, àní bí ìwé náà bá jẹ́ èyí tí ènìyàn fi owó rà, tí ó sì jẹ́ pé kíkà ni ó fẹ́ kà á. Ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni a ń gbọ́ ẹ̀bẹ̀ àwọn tí òfin náà ń ni lára. Àwọn afọ́jú wà lára àwọn tí ó ti rí ìyọ̀ǹda gbà.

Ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀. Jon Johansen, ọmọ ọdún 15 ní Norway, ní ọwọ́ nínú ètò kọ̀ǹpútà kan tí ó jáde ní ọdún 1999, tí ó ń ṣí àgádágodo àwo fíìmù. Ilé-ẹjọ́ Oslo dá a sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2003, wọ́n sì tún dá a sílẹ̀ ní ìparí ọdún náà nígbà tí ìjọba pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn: ẹni tí ó ra àwo lè wò ó bí ó ti wù ú. Ní oṣù Keje ọdún 2001, wọ́n mú Dmitry Sklyarov, ará Rọ́ṣíà, ní Las Vegas nítorí ètò kan tí ń tú ìdè ìwé orí ẹ̀rọ. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2002 ni ìgbìmọ̀ onídàájọ́ dá ilé-iṣẹ́ tí ó ń bá ṣiṣẹ́ sílẹ̀.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 2009 ni ó wá tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà fún gbogbo ayé. Àwọn kan ti ra ìwé George Orwell méjì, Animal Farm àti Nineteen Eighty-Four, sórí ẹ̀rọ ìkàwé Kindle tí Amazon ń tà. Ẹni tí ó gbé àwọn ẹ̀dà náà wá sí ọjà kò ní ẹ̀tọ́ láti tà wọ́n ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí Amazon mọ̀, ó nawọ́ láti òkèèrè wọ inú ẹ̀rọ àwọn oníbàárà rẹ̀, ó pa ìwé náà rẹ́, ó sì dá owó wọn padà. Akẹ́kọ̀ọ́ kan wà nínú wọn tí ó ti kọ àkíyèsí sí ìwé náà fún iṣẹ́ ilé-ìwé rẹ̀. Àkíyèsí náà kò wúlò mọ́ nígbà tí ojú ewé tí ó ń tọ́ka sí kò sí. Jeff Bezos, olórí Amazon, tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n kókó ọ̀rọ̀ kì í ṣe àforíjì. Bí òǹtàwé kan ní ọjà Dùgbẹ̀ bá ṣèèṣì ta ìwé tí kò yẹ kí ó tà fún wa, kò lè wọ yàrá wa lóru láti gbé e, ì báà fi owó wa sórí tábìlì. Ẹni tí ó ni ẹrú ni ó ni ẹrù. Ẹni tí ó ní kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ ni ó ni ìwé inú rẹ̀.

Ní ọdún 2019, Microsoft ti ilé ìtàwé orí ẹ̀rọ rẹ̀ pa. Gbogbo ìwé tí àwọn oníbàárà ti rà níbẹ̀ kọ̀, kò ṣí mọ́. Owó padà, ìwé kò padà. Ní ọdún yìí kan náà, ilé-ẹjọ́ Ìṣọ̀kan Yúróòpù dájọ́ pé ẹni tí ó ra ìwé orí ẹ̀rọ kò lè tún un tà bí ẹni tí ó ra ti bébà. Nígbà tí ó ṣe, ìpínlẹ̀ California ṣe òfin kan tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025: òǹtajà orí ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ lo ọ̀rọ̀ náà "rà" láìjẹ́ pé ó sọ fún oníbàárà kedere pé ìyọ̀ǹda láti lò ó ni ó ń gbà. Àwa olùkọ́ èdè mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe kan ti yí padà lẹ́nu ọjà kí òfin tó ṣàkíyèsí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà ní ilẹ̀ wa

Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1911 ni a mú wọ Nàìjíríà ní ọdún 1912. Nàìjíríà ṣe tirẹ̀ ní ọdún 1970, ó ṣe òmíràn ní ọdún 1988. Èyí tí a ń lò nísinsìnyí ni òfin ọdún 2022, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fi ọwọ́ sí ní oṣù Kẹta ọdún 2023. Òfin yìí gba òǹkàwé láyè láti lo iṣẹ́ oníṣẹ́ bí ó ti tọ́ fún ìwádìí, fún ẹ̀kọ́ ara ẹni àti fún lámèyítọ́. Ó sì fi àyè sílẹ̀ fún àwọn afọ́jú, nítorí Nàìjíríà ti fi ọwọ́ sí àdéhùn Marrakesh ti ọdún 2013 ní ọdún 2017. Ṣùgbọ́n òun náà ka jíjá àgádágodo inú ẹ̀rọ léèwọ̀. Ohun tí òfin fi ọwọ́ ọ̀tún fún wa, àgádágodo lè fi ọwọ́ òsì gbà á.

Ẹ jẹ́ kí a wo àpẹẹrẹ méjì láti inú ìwé tiwa. D. O. Fágúnwà tẹ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní ọdún 1938, ó sì kú ní ọdún 1963. Bí a bá lo òfin Ọbabìnrin Anne, ọdún 1966 ni ìwé náà ì bá di ti gbogbo ènìyàn. Òfin ìsinsìnyí ka ọdún 70 láti òpin ọdún tí òǹkọ̀wé kú. Ìyẹn ni pé ìparí ọdún 2033 ni. A kò sọ pé kí a gba ogún lọ́wọ́ ọmọ ẹnikẹ́ni. Ohun tí a ń sọ ni pé bí ẹ̀tọ́ olówó bá ti ń gùn sí i, bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ẹ̀tọ́ òǹkàwé máa fìdí múlẹ̀ sí i.

Àpẹẹrẹ kejì ni ti Samuel Johnson. Ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní ọdún 1897, ó fi í ránṣẹ́ sí atẹ̀wé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwé náà sì sọnù níbẹ̀. Johnson kú ní ọdún 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó tún ìwé náà tò láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tí ó ṣẹ́kù ní ilé, tí ó fi jáde ní ọdún 1921. Ẹ̀dà tí ó wà lọ́wọ́ ẹbí ni ó gba ìtàn Yorùbá là. Bí ó bá jẹ́ pé inú ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ kan ni àkọsílẹ̀ wọ̀nyí wà, tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ náà, kí ni Obadiah ì bá rí tò?

Àgbálọgbábọ̀

Nínú ohun tí a ti gbé yẹ̀ wò, ó hàn pé ìyàtọ̀ wà láàrin olè àti òǹkàwé. Olè ń tẹ ìwé oníwèé láti tà. Ó yẹ kí òfin mú un. Òǹkàwé ti san owó rẹ̀. Ohun tí ó ń fẹ́ ni kí ohun tí ó rà jẹ́ tirẹ̀. Àgádágodo kò mọ ìyàtọ̀ yìí, òfin tí ó sì ń ti àgádágodo lẹ́yìn láìwo ọ̀tún wo òsì kò mọ̀ ọ́n.

Ohun mẹ́ta ni a rò pé ó tọ́ sí wa láti ṣe. Kí a máa bèèrè, kí a tó gba ìwé orí ẹ̀rọ fún ilé-ẹ̀kọ́ wa, bóyá títà ni wọ́n ń tà á tàbí yíyá ni wọ́n ń yá a, kí a sì rí i pé ẹ̀dà bébà wà ní ilé-ìkàwé. Kí àwa tí a ń kọ̀wé ka ìwé àdéhùn wa dáadáa, kí a má jẹ́ kí a ti iṣẹ́ wa mọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí a kọ ọ́ fún, pàápàá àwọn afọ́jú. Kí a sì fi ìtàn yìí kọ́ àwọn ọmọ, kí wọ́n lè mọ̀ pé òfin tí ó ní kí wọ́n má jalè ni ó ní kí a má rẹ́ wọn jẹ. Ìṣírí fún ẹ̀kọ́ ni a kọ sí orí òfin náà ní ọdún 1710. Àwa tí ẹ̀kọ́ jẹ́ iṣẹ́ wa ni ó yẹ kí a máa rán àwọn aṣòfin létí.