Alùpùpù Tí Orúkọ Kò Ro

Àwọn àgbà ní orúkọ ń ro ọmọ, ṣùgbọ́n orúkọ kò ro alùpùpù ìgbafẹ́ tí Suzuki ilẹ̀ Jàpáàn gbé jáde lọ́dún 1986. Savage ni wọ́n pè é, ìyẹn ẹhànnà. Bẹ́ẹ̀, sìlíńdà kan péré ló wà nínú ẹ́ńjìnnì 652 cc rẹ̀. Ó fúyẹ́ ju àwọn onísìlíńdà méjì ńláńlá lọ. Ìjókòó rẹ̀ rẹlẹ̀: ẹni kúkúrú lè fẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀ bó bá dúró. Bẹ́líìtì ló ń yí táyà ẹ̀yìn, kò sí ṣéènì tí à ń da ọ́ìlì sí. Lọ́dún 2005, wọ́n sọ ọ́ di Boulevard S40, sìlíńdà rẹ̀ kò sì di méjì. Orúkọ lọ, ìwà kù. Ìwà náà sì ni ẹlẹ́ṣin rẹ̀ ń rà.