Oko Baba àti Ọmọ: Ààlà Lórí Ilẹ̀ Ìgbẹmọ

“Oko kì í jẹ́ ti baba àti ti ọmọ kó má ní ààlà.” Bí àgbà bá pa òwe yìí, àwọn kan máa ń rò pé ìfura ló fi ń kọ́ni, pé baba pàápàá kò ṣe é fọkàn tán. Òwe náà jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Baba tó gé oko fún ọmọ mọ̀ pé iṣu inú ebè òun, ọmọ náà yóò wá bá òun jẹ nínú rẹ̀. Ọjọ́ tí òun kò ní sí mọ́ ló ń rò, tí àwọn ọmọ ìyàwó kejì yóò dé pẹ̀lú àdá lọ́wọ́, tí kò ní sẹ́ni tí yóò sọ ibi tí ọ̀kan parí sí. Nítorí ọjọ́ yẹn ló ṣe gbin pèrègún sáàárín.

Ẹni tí òwe yìí ń bá sọ̀rọ̀ jù lóde òní ni ẹni tó ń wá ilẹ̀ ilé àti oko rà ní abúlé. Adó-Èkìtì ń fún mọ́ni. Ní àdúgbò tuntun, ẹgbẹ́ onílé a máa dá owó tíráńsífọ́mà, owó ọlọ́dẹ àti owó géètì. Àwọn ará wa tó wà ní Amẹ́ríkà ní tọ̀hún tún le jù bẹ́ẹ̀: ẹgbẹ́ onílé lè yan ọ̀dà tí èèyàn yóò fi kun ilé ara rẹ̀, bí koríko iwájú ilé bá sì ga jù, owó ìtanràn ni. Abájọ tí ojú fi ń yí sí ibi bí Ìgbẹmọ Èkìtì, ìlú ìrẹsì ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn/Ìfẹ́lọ́dùn, tí kò jìnnà sí Adó. Éékà kan ṣoṣo, bí a bá fi pílọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100 wọ̀n ọ́n, ju pílọ́ọ̀tì 8 lọ. Èèyàn lè kọ́lé sí i, kó gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀, kó sin ewúrẹ́, kí ẹnikẹ́ni má kọ lẹ́tà ìtanràn sí i.

Lóòótọ́, kò sẹ́ni tí yóò kọ lẹ́tà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tìtorí èyí rò pé ilẹ̀ náà kò lófin, kó padà sídìí òwe wa. Orí ahọ́n àwọn èèyàn ni òfin ibẹ̀ wà, àwọn èèyàn náà sì pọ̀ ju àwọn tí ojú ń rí lọ.

Ní 1912, nígbà tí ìgbìmọ̀ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yàn ń wádìí ọ̀ràn ilẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, olóyè kan, Ẹlẹ́sì Òdògbólú, jẹ́rìí níwájú wọn. Ohun tí olóyè náà là yé wọn ni pé ìdílé ńlá kan ló ni ilẹ̀: ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kú, díẹ̀ ló wà láàyè, àwọn tí a kò tíì bí kò sì lóǹkà. Ní 1921, ìgbìmọ̀ ìdájọ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀nù gba irú ọ̀rọ̀ yìí wọlé nínú ẹjọ́ ilẹ̀ Àpápá tí Olóyè Àmọ́dù Tìjání, Olúwa Èkó, pè: ilẹ̀ jẹ́ ti àwùjọ àti ti ẹbí.

Ìdí rèé tí ẹni tó ń ra ilẹ̀ kò fi gbọdọ̀ bá ẹnì kan dúnàádúrà lábẹ́ igi kó sì kówó sílẹ̀. Ẹjọ́ Ekpendu àti Erika, tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Àpapọ̀ Nàìjíríà dá ní 1959, ti yanjú èyí. Bí ọmọ ẹbí kan bá ta ilẹ̀ ẹbí láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, kò tà á rárá. Bí olórí ẹbí bá sì tà á láìgbọ́ tẹnu àwọn àgbà ẹ̀ka yòókù, ẹbí lè mú un lọ sílé ẹjọ́ kí wọ́n fagi lé e. Nítorí náà, olórí ẹbí àti aṣojú ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ló yẹ kó tọwọ́ bọ̀wé, lójú ẹlẹ́rìí.

Bí a bá ti mọ onílẹ̀, ó kù ká mọ ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Kí a lọ wò ó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí a tún lọ wò ó nígbà òjò, nítorí àkùrọ̀ tó dára fún ìrẹsì lè má gba ìpìlẹ̀ ilé. Kí a bèèrè ẹni tó ni igi orí rẹ̀. Láyé àtijọ́, ọ̀pọ̀ onílẹ̀ kì í gbà kí ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ gbin kòkó tàbí obì, torí ẹni tí igi rẹ̀ bá pẹ́ nílẹ̀ yóò ní ẹnu nínú ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà. Bí a bá rí kòkó nínú éékà tí a fẹ́ rà, ká bá olóko náà parí ọ̀rọ̀ ká tó sanwó fún onílẹ̀.

Lẹ́yìn náà la ó rin ààlà. Ẹni tó ń wọn ilẹ̀ yóò ri òpó rẹ̀ mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kí àwọn tó ní oko lápá ọ̀tún, òsì, iwájú àti ẹ̀yìn bá wa rìn ín, kí wọ́n fẹnu ara wọn sọ pé, “Ibí ni tèmi dé.” Ìjọba náà ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀. Láti 1978 tí Òfin Lílo Ilẹ̀ ti dé, gómìnà ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ ló sì ń mójú tó ti ìgbèríko. Abala 21 òfin náà ní a kò gbọdọ̀ gbé ẹ̀tọ́ ìlò ilẹ̀ ti ìbílẹ̀ fún ẹlòmíràn láìgba àṣẹ. Ẹni tó fi rìsíìtì ẹbí nìkan sùn kò tíì ra ilẹ̀ tán.

Nígbà tí ẹni tó rà á bá padà sí Èkó tàbí Lọ́ńdọ̀nù, àwọn tó bá a rin ààlà yẹn ni yóò rí ẹni tó ń fa pèrègún tu. Àwọn aládùúgbò yẹn ni ẹgbẹ́ onílé Ìgbẹmọ. Wọn kì í dá owó géètì, ṣùgbọ́n bí òkú bá kú tàbí tí wọ́n bá ń kómọ jáde, wọn yóò wo ìjókòó rẹ̀.

Èyí ló mú wa padà sí òwe. Lọ́jọ́ tó sanwó tán, ẹni tó ra ilẹ̀ náà ti di baba inú òwe. Ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun kò mọ pèrègún, kò sì mọ ọmọ aládùúgbò. Kí baba náà mú un dání lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń rin ààlà, kó jẹ́ kó fọwọ́ kan igi kọ̀ọ̀kan, kó sì kí ẹni tó wà lódì kejì.