Jíìnì Kì í Ṣe Àbùdá

Wọ́n lẹ ìkéde kan mọ́ ògiri ní Ajah pé àwọn fẹ́ máa fi Yorùbá kọ́ ọmọ ilé ìwé ní sáyẹ́ǹsì. Ó dùn mọ́ mi. Láti 1970 tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fífi Yorùbá kọ́ ọmọ ilé ìwé ní Ifẹ̀ ni a ti mọ̀ pé èdè wa gbé e. Ṣùgbọ́n ìkéde náà sọ jíìnì di "ẹyọ ìpìlẹ̀ ohun àjogúnbá inú ara". Àlàyé nìyẹn, kì í ṣe orúkọ. A kì í ki oríkì ọmọ tán kí a tó pè é wá jẹun.

Ẹ jẹ́ ká fi yíìsì yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Yíìsì ni àwọn oníbúrẹ́dì láti Lekki dé Ajah ń pè é. Ìwúkàrà ni Bíbélì pè é, ohun tí ń mú àkàrà wú, nítorí àkàrà ni àwọn atúmọ̀ Bíbélì pe búrẹ́dì. Òun náà ló ń mú ẹmu hó. Èyí tó bá wù yín, ẹ mú un. Yàrá ìwádìí, fún laboratory, kò ní wàhálà. DNA, kó máa jẹ́ DNA.

Ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní strain ló kọ́kọ́ fa àríyànjiyàn. Àwọn kan ní ẹ̀yà. Mi ò gbà. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀, ẹ̀yà ara ni. Yorùbá àti Haúsá, ẹ̀yà ni. Ẹrù ọ̀rọ̀ náà ti pọ̀ jù. Ìran ni mo fara mọ́. Yíìsì S288C, onímọ̀ kan, Robert Mortimer, ló fi àwọn yíìsì mìíràn bí i ní Amẹ́ríkà, a sì mọ baba ńlá rẹ̀: ara ọ̀pọ̀tọ́ jíjẹrà kan ní California ni wọ́n ti rí i ní 1938. DNA S288C yìí ni wọ́n kà tán ní 1996, lẹ́tà bíi mílíọ̀nù 12, jíìnì bíi 6,000. PW5 ní tirẹ̀, inú ògùrọ̀ ní Aba ló ti wá. Irú kan náà ni wọ́n, ìran wọn ló yàtọ̀. Irú ló ń kó wọn pọ̀, ìran ló ń yà wọ́n.

Ó wá ku àbùdá, tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé fi ń túmọ̀ jíìnì. Ọ̀rọ̀ tó dùn létí ni. Ẹ tú u wò: à, bù, dá. Bù ni kí a mú díẹ̀ nínú púpọ̀. Dá ni iṣẹ́ Ẹlẹ́dàá. Àdámọ́ àti àbínibí ni mọ̀lẹ́bí rẹ̀. Ohun tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń sọ ni èyí tí ojú rí tàbí tí ìwà fi hàn: àwọ̀, gíga, oríkunkun.

Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ti ń yọ̀. Ẹ wo jíìnì ADE2, tí yíìsì fi ń ṣe èròjà adenine. Nínú S288C, ó pé, funfun sì ni yíìsì náà tó bá hù jọ sójú kan lórí abọ́. Nínú ìran W303, lẹ́tà kan yí padà, ìkọ̀wé náà gé láàárín. Iṣẹ́ ṣíṣe adenine kò parí, ohun tí kò rọ́nà lọ gbárajọ, yíìsì pọ́n. Bí jíìnì bá ń jẹ́ àbùdá, kí ni a ó pe pípọ́n yẹn? Ṣé ká ní àbùdá bàjẹ́ ló fún un ní àbùdá pupa? Okùnfà àti àyọrísí ti ń jẹ́ orúkọ kan náà nìyẹn.

Nítorí náà, kí àbùdá dúró ti àwọ̀, kí a yá jíìnì. Ẹni tó bá ní à ń ba èdè jẹ́, kó kọ́kọ́ dá tábìlì àti àlùbọ́sà padà. Mi ò ní ká máa yá gbogbo nǹkan. Lẹ́tà tó bàjẹ́ nínú W303, àṣìkọ ni n ó pè é, ọmọ ìyá àṣìṣe àti àṣìsọ. Kì í ṣe gbogbo ìyípadà ló ń ba nǹkan jẹ́. Èyí tí kò bà á jẹ́, ìyàtọ̀ lásán ni. Olùkọ́ lè wá kọ ọ́ sójú pátákó báyìí: àṣìkọ nínú jíìnì ADE2 ló sọ àbùdá ìran W303 di pupa. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan mọ iṣẹ́ tirẹ̀.